Apá Ṣéńjà Tó Ń Rìn Lórí Afẹ́fẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n, fọganáísà Ìkòsì,

Mo mọ̀ pé mi ò tíì kí yín. Màá kí yín tí mo bá dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ìdí wà tí mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ìwé gígùn. Nígbà tí mo wà níléèwé olùkọ́ tí mo ń kọ̀wé sí yín, ẹ ó ka ìlà àkọ́kọ́, ẹ ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ẹ ó ní kí Màmá sọ èyí tó wà láàárín fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tòní tán.

Màmá wà. Orúnkún wọn ló ń dùn wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹnu wọn ò tíì dùn wọ́n lọ́jọ́ kan. Ibi tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọbìnrin kan ti gbé tábìlì síbẹ̀, káàdì fóònù ló ń tà. Táyà ńlá tí ẹ kùn ní funfun ṣì wà níbẹ̀, òun ló ń jókòó lé. Mo máa ń dúró kí i nígbà míì, kì í ṣe pé mo fẹ́ ra káàdì. Tí mo bá ti dúró síbẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé màá gbọ́ ikọ́ kékeré yín méjèèjì, èyí tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹni tó bá pè yín á kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ méjì, kó tó gbọ́ ohùn yín. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó wúkọ́ kí ẹ tó ṣe àmín.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín rèé: mo ti gbọ́ àwo Ìyá Àgbà dé òpin.

Ẹ mọ àwo tí mò ń wí. Èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ìlú yín ṣe nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tó jẹ́ ìyá tó bí yín ló dá orin tó gbẹ̀yìn ní ojú kejì. Àwo náà ò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tiwa nìkan ni mo sì mọ̀ pé ó kù. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, tí a bá ti jẹun tán, ẹ ó gbé e sórí ṣéńjà yín, ẹ̀rọ àwo tó wà nínú àpótí pákó yẹn, ẹ ó sì jókòó láìbọ́ bàtà. Nígbà tó bá ku orin kan, ẹ ó dìde, ẹ ó fi ìka méjì gbé apá ṣéńjà kúrò lórí àwo, ẹ ó ní ó parí síbẹ̀. Àwọn àlejò gbà yín gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò parí síbẹ̀, torí èmi ni mo ba orin tó gbẹ̀yìn jẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Ìyá Àgbà kú. Ẹ̀yin àti Màmá lọ sílé lọ sin wọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alábàágbé wa nítorí ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ohùn wọn ni mo fẹ́ gbọ́, Bàbá, kì í ṣe pé mo fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Mo gbé àwo náà sórí ṣéńjà, àmọ́ bó bá ti dé orin tiwọn, á máa fò. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tó ń mutí ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí wa: tí ṣéńjà wọn bá ń fò, wọn á fi kọ́bọ̀ lé orí apá rẹ̀ kó lè wúwo. Èmi náà wá kọ́bọ̀ kan, mo fi lé e. Kò fò mọ́. Mo gbọ́ orin yẹn láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mo gbọ́ ọ nígbà tí mo dé, mo tún gbọ́ ọ títí wọ́n fi pè mí wá jẹun. Ìyá Àgbà á pe oríkì àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á gbàdúrà fún un, ẹnì kan nínú àwọn akọrin á sì dáhùn. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn wọn ti há. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, bí ẹni ń din àkàrà ló ń dún. Mo rò pé ó ti rẹ àwo náà ni, pé tó bá sinmi díẹ̀, ara rẹ̀ á yá.

Ìrọ̀lẹ́ tí ẹ dé, ẹ ò tíì fọ eruku ẹsẹ̀ yín tí ẹ fi fa àwo náà yọ. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Nígbà tó dé orin Ìyá Àgbà, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ tẹ́tí sí i, lẹ́yìn náà ẹ wo ṣéńjà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mi ò yọ kọ́bọ̀ yẹn kúrò. Ẹ yọ ọ́. Ẹ wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ gbé apá náà sókè, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ sì wọ yàrá lọ. Mò ń retí kí ẹ pè mí. Ẹ ò pè mí. Lọ́jọ́ kejì ẹ bi mí bí ìdánwò ṣe lọ, ẹ sì ra bisikíìtì fún mi.

Ọdún méjìlélógún lẹ fi ń gbé apá yẹn sókè kí orin ìyá yín tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí a sin yín, tí mò ń to ẹrù yín, mo fa àwo náà yọ nínú páálí rẹ̀, kọ́bọ̀ náà sì jábọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ ti fi bébà tó máa ń wà lẹ́yìn rọ́bà tí ẹ fi ń lẹ táyà wé e. Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni? Ta ni ì bá tún jẹ́? Kí ló dé tí ẹ tọ́jú rẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ fi hàn mí lọ́jọ́ kan ni, àbí ẹ kàn fi síbẹ̀ ni ẹ sì gbàgbé? Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá bi mí nígbà yẹn, mi ò ní lè gbé e. Ẹ ṣeun tí ẹ ò bi mí.

Láti ọjọ́ tí mo ti rí kọ́bọ̀ yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa tún nǹkan tí mo bàjẹ́ ṣe. Ọdún tó kọjá, mo wà ní káfé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Kétu, mo ń wá ohun tí màá fi kọ́ kíláàsì mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ṣì ń kọ́ wọn, iṣẹ́ tí ẹ ní ọmọbìnrin tó bá ti mọ táyà í lẹ̀ ò lè ṣàìmọ̀. Mo rí ohun tí bàbá òyìnbó kan kọ síbẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi gé orin sójú àwo, tààrà ló rìn láti etí àwo wá sí àárín. Àmọ́ apá ṣéńjà tiwa, wọ́n dè é mọ́ ojú kan, ó ń yí bí ìlẹ̀kùn. Tó bá fi máa dé àárín, ó ti wọ́, abẹ́rẹ́ á máa ha ẹ̀gbẹ́ kan ojú ọ̀nà orin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orin tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, kọ́bọ̀ mi sì tún wá bù sí i.

Bàbá náà wá ṣe apá tí kì í yí bí ìlẹ̀kùn. Ó gbé páìpù kan dábùú òkè àwo, ó lu ihò wínníwínní sí i lára, ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Apá náà so mọ́ ìbọ̀ kékeré kan tó wọ páìpù yẹn bí òrùka ṣe ń wọ ìka, afẹ́fẹ́ sì gbé e sókè tí kò fi fara kan páìpù rárá. Bí àwo bá ṣe ń fà á ló ń tẹ̀ lé e, tààrà, títí dé àárín. Ó ní tí èèyàn bá tún fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín sí i, ó ṣeé ṣe kó wọlé dé ìsàlẹ̀ ibi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ ò dé, níbi tí orin ṣì kù sí. Kò ní ó dájú. Ó ní ó ṣeé ṣe.

Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú káfé, gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Afẹ́fẹ́ kẹ̀, Bàbá. Ohun tí ẹ fi sanwó iléèwé mi.

Mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ fún Bọ̀dá Múfú ní Owódé Onírin, ẹni tó máa ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, tí ẹ máa ń gbé kọ́mpúrẹ́sọ̀ yín lọ fún tó bá dákẹ́. Ó yí bébà náà sókè sódò.

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi èyí gbé gan-an? Ṣé mọ́tò ni?"

Mo ní àwo orin ni. Mo ṣàlàyé fún un pé ohùn ìyá Bàbá Fọganáísà ló wà níbẹ̀.

"Bàbá yẹn ò jẹ́ kí táyà mi rọ̀ rí," ó wí. "Ẹ gbé e síbẹ̀."

Ìbọ̀ mẹ́rin ló gbẹ́ kí ọ̀kan tó dára. Èyí àkọ́kọ́ fún jù, kò rìn rárá. Méjì fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo fi èémí mi fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rìn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ páìpù dé òpin. Bọ̀dá Múfú bọ́ fìlà rẹ̀.

Òyìnbó yẹn ní páńpù inú àpótí dígí tí wọ́n ń sin ẹja sí lòun ń lò. Mo ra ọ̀kan, àmọ́ ó ń jẹ́ kí apá náà máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ni mo bá yíjú sí kọ́mpúrẹ́sọ̀ yín tó wà ní pásééjì. Màá tì í jáde sí àgbàlá, màá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ títí ọwọ́ géèjì á fi gòkè, màá pa á, afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú tánkì á wá máa jáde jẹ́jẹ́ láti inú họ́ọ̀sì tí mo gba ojú fèrèsé fà wọ pálọ̀. Ó tó ojú àwo kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́ lérí.

"Ṣé ohun tí bàbá ẹ fi ń fẹ́ táyà náà lo fẹ́ fi gbọ́ orin? Kó má lọ bú mọ́ wa lórí o."

Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń bínú tí ẹ bá fi itọ́ kan ẹnu táyà láti mọ̀ bóyá ó ń jò? Mo ní ìwà ọ̀bùn ni. Bàbá, gbogbo ibi tí họ́ọ̀sì yẹn ti so pọ̀ ni mo fi itọ́ kàn. Kò sí ohun tó mọ ibi tó ń jò bí itọ́.

Mo ra abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín sí iwájú apá náà, ó wá ku ohun tó máa wà ní ìdí rẹ̀, kí iwájú rẹ̀ lè fúyẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà tẹ àwo jù. Bọ̀dá Múfú fẹ́ fi nọ́ọ̀tì kékeré kan sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé nǹkan kan wò. Kọ́bọ̀ tí ẹ wé sínú bébà ni mo fi síbẹ̀. Ó wúwo jù díẹ̀, mo bá fi fáìlì ha etí rẹ̀ títí ó fi ṣe déédéé.

Mi ò jẹ́ gbé àwo Ìyá Àgbà sí i lójú ẹsẹ̀. Àwo míì tí kò jẹ́ nǹkan kan ni mo fi ń dán an wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rìn dáadáa, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Tó bá dé ìdajì ọ̀nà, á dúró gbọin, abẹ́rẹ́ á máa tún ibì kan náà gbà. Bọ̀dá Múfú wá wò ó.

"Ìbọ̀ yẹn ló ń fún mọ́ ọn," ó wí. "Ẹ gbé e wá lọ́la, màá tún inú ẹ̀ gbẹ́ díẹ̀ sí i. Díẹ̀ báyìí."

Mo gbà. Mo tú ìbọ̀ náà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú báàgì. Nígbà tó di àárọ̀ kùtùkùtù, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo ń sáré gba pásééjì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo kọjá lára tánkì yín. Mo bá dúró.

Bí ẹ ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ ló wá sọ sí mi lọ́kàn. Ẹni yòówù kó kí yín, ẹ ò ní dáhùn. Oníbàárà á ní ẹ káàárọ̀ ṣáá, ẹ ó kàn nawọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Ẹ ó kúnlẹ̀ nínú yanrìn, ẹ ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì tó wà nídìí tánkì, omi pupa á tú jáde. Ẹ ó wá dìde, ẹ ó wú ikọ́ yín méjèèjì, ẹ ó ní, "Ó jí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ káàárọ̀." Ó máa ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó yá, torí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Mi ò ronú rí pé iṣẹ́ lẹ fi ń kọ́ mi. Afẹ́fẹ́ tí èèyàn bá fún pọ̀ sínú irin á máa sun omi, omi yẹn á sì bá afẹ́fẹ́ jáde. Nínú táyà, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nínú ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó tó láti dá gbogbo nǹkan dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo tánkì yín, mi ò tú omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Mo kúnlẹ̀, mo tú u. Omi tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì méjì, ó dúdú bí àgbo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún, títí mo fi rántí pé èmi náà ò tíì tọ̀. Ká ní mo jẹ́ kí Bọ̀dá Múfú tún ìbọ̀ yẹn gbẹ́ ni, ì bá ti bàjẹ́. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti kú, ẹ ṣì ń bá mi tọ́jú iṣẹ́.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni mo mú. Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, kò sí mọ́tò kankan lójú ọ̀nà láti aago méje sí mẹ́wàá, tírélà tó ń kó tòmátì lọ sí Mile 12 náà dúró. Ẹ mọ bí Ìkòsì ṣe máa ń rí lọ́jọ́ náà, ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì nìkan lèèyàn ń gbọ́. Iná sì wà. Mo tú omi tánkì, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo pa á. Màmá wà níta, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn kó o.

Mo gbé ojú kejì sí i. Mo mọ̀ pé tí afẹ́fẹ́ bá tán lójijì, apá náà á há, abẹ́rẹ́ á sì fa ìyókù ya. Mò ń wo géèjì, mò ń wo apá. Orin kan lọ, òmíràn lọ. Ibi tí ẹ ti máa ń dìde dé, mo sì dìde lóòótọ́, bí ẹni pé ẹ fà mí. Ọwọ́ mi ti wà lókè àwo. Mo gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó ṣì ń ha díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ohùn wọn wà níbẹ̀, ó nípọn, ó gbóná, mo tiẹ̀ ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n pe Àbẹ̀kẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un, obìnrin kan dáhùn. Wọ́n pe Àyìndé, ọkùnrin kan dáhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní Àkànjí. Kò sẹ́ni tó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo wá gbọ́ ikọ́ kékeré kan, mo gbọ́ ìkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ní, "Mà."

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, abẹ́rẹ́ yẹn àti kọ́bọ̀ mi ò jẹ́ kí n gbọ́ ikọ́ kankan. Mo rò pé àwọn akọrin ló ń dáhùn. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá pè ló ń dáhùn fúnra rẹ̀. Mo yíjú padà, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́bìrì wọn ń kán omi sílẹ̀.

"Bàbá ẹ nìyẹn," wọ́n ní. Wọ́n sì jókòó sílẹ̀, wọn ò rántí orúnkún.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ wà nínú àwo náà? Ìyá yín nìkan ni mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni mo ń pa rẹ́. A ò ní ohùn yín sínú kásẹ́ẹ̀tì kankan, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí bó ṣe ń dún, ó sì ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wà nínú páálí ní gbogbo ìgbà yẹn, òun àti kọ́bọ̀.

Àwo náà rìn títí dé àárín. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ó máa gbọ́ ọ báyìí, èmi àti Màmá ti fẹnu kò, kí ó lè tọ́jọ́. Wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo ni ọdún máa pé.

Mo ti lọ sí pásééjì kí n tó jókòó ti ìwé yìí. Mo kúnlẹ̀, mo fi sípánà yín tú nọ́ọ̀tì náà, omi inú rẹ̀ ti jáde tán. Kò sí ohun tó tún ń dá yín dúró láti dáhùn mọ́.

Ẹ káàárọ̀, sà.

Ọmọ yín ni,
èyí tó fi kọ́bọ̀ lé e, tí ẹ ò bá wí.